Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi: ìdí tí a fi dá ẹja náà padà sódò

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ìbéèrè tí ẹ bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi: kí ló ń mú àgbàlagbà fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú otútù, kó lọ mú ẹja tó jọjú, kó sì tún tú u sílẹ̀? Mo ní màá fèsì. Èsì náà rè é.

Odò Tay la lọ, òun ló gùn jù ní Skọ́tlándì. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni àkókò pípa ẹja tí wọ́n ń pè ní sámọ́nì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, èrò á péjọ sí Kenmore, níbi tí odò ti ń jáde látinú adágún Tay, wọ́n á da wisikí sára ọkọ̀ ojú omi kí ẹnikẹ́ni tó ju okùn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀, a wá gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni apá ibì kan nísàlẹ̀ odò, torí kò sẹ́ni tó lè déédéé wá pa sámọ́nì níbẹ̀.

Otútù yẹn kì í ṣe kékeré. Omi ń dì sínú àwọn òrùka ara ọ̀pá ìpẹja, ìka la fi ń hó o kúrò kí okùn tó lè kọjá. A wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, a wọ odò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni iwájú á ju okùn lọ sí òdìkejì, omi á rọra gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀, á tún jù. Ẹni ẹ̀yìn á máa tẹ̀lé e. Ẹni tó bá dé ìsàlẹ̀ ibú á jáde, á padà sókè. Ibi tó dára jù kò di ti ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la máa kọjá níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ọ̀rẹ́ wa kan tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, tí kò tíì bá wa sọ ọ́ rí, etí odò yẹn ló ti sọ ọ́, bó ṣe ń bu tíì fún wa.

Ẹja tí a kọ́kọ́ mú rù, orí rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti yé ẹyin tán nígbà tí ọdún ń lọ, ó ń padà sókun. Irú ìyẹn, dandan ni ká dá a padà. Àmọ́ èyí tí ẹ rí nínú àwòrán yàtọ̀. Ó ń dán bíi fàdákà, iná òkun, ìyẹn kòkòrò kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja lókun, ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́bàá ìrù, ìyẹn ni pé kò tíì pẹ́ tó wọ odò.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibi tí ẹja yẹn ti ń bọ̀. Inú òkúta wẹ́wẹ́ odò ló ti ń jáde látinú ẹyin, á lo bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú odò, á wá lọ sókun. Àwọn mìíràn ń dé etí Greenland kí wọ́n tó padà sílé. Láti ọjọ́ tó bá ti wọ odò, kò ní jẹun mọ́ títí á fi yé lápá ìparí ọdún. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń ná ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Bí a bá pa á ní oṣù Kìíní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin la pa mọ́ ọn.

Lóòótọ́, wọ́n ti ń pa wọ́n níbẹ̀ tipẹ́. Odò yìí náà ni Georgina Ballantine ti mú sámọ́nì tó tó kìlógíráàmù 29 lọ́dún 1922, bàbá rẹ̀ ló ń tukọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó fi ọ̀pá mú irú rẹ̀ ní Bìrìtéènì títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹja ti dín kù. Láti 2015 lòfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má pa sámọ́nì kankan ní Skọ́tlándì ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2023, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ohun alààyè, kéde pé èyí tó wà ní Bìrìtéènì wà nínú ewu àparun. Ká tiẹ̀ ní kò sófin, a ò ní pa á.

A ti tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀ látilé, kó lè yọ kíá. Ọ̀rẹ́ mi fi omi tutù rin ọwọ́ rẹ̀, kò gbé ẹja náà kúrò nínú omi. Ó dì í mú níbi ọrùn ìrù, ó kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ó ní sùúrù títí ẹja náà fi fúnra rẹ̀ já lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo tí gbogbo wa pa lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò bá gbọ́ ọ!

Bí ẹ bá ráyè, ẹ bá wa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ ibú náà láàárọ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn wá, ẹ má sì ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn, torí òfin ibẹ̀ kò gbà ká pẹja sámọ́nì lọ́jọ́ náà.

Èmi ni àbúrò yín.