Fọlá, àga dókítà ẹ̀dọ̀ yẹn ṣì ṣófo

Fọlá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo rí i pé o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má gbé e ni, nítorí ohun tó wà nínú mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá lọ́jọ́ Sátidé, ara wọn le, wọ́n ti pààrọ̀ páànù tó ń jò, wọ́n sì ní aṣọ tí o fi ránṣẹ́ bá wọn mu gan-an. Ṣadé bí ìbejì! Wọ́n ti gé igi máńgòrò ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Bíríkìlà ni, ọmọ ọdún 34. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e dé. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ikùn rẹ̀ wú, apá rẹ̀ ti gbẹ bí igi. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo ìwé tí wọ́n ní wá. Ó ṣí Bíbélì, ó fa ìwé pélébé kan yọ tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin títí tí ojú ibi tí wọ́n ká a fi fẹ́ já. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà ń rọbí àkọ́bí wọn, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ni wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkọ. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: HBsAg, ìyẹn àyẹ̀wò kòkòrò hepatitis B, pẹ̀lú àmì àròpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára, kó lọ wá ẹlòmíràn wá. Ó sì wá ẹlòmíràn wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ní kó padà wá. Ọdún mẹ́sàn-án, Fọlá! Àgbo ló ń mu. Bẹ́ẹ̀ tenofovir, oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀, wà ní ìlú yìí, hóró kan lójúmọ́.

Nígbà tí a fi yẹ inú rẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ti gba apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti wá dára báyìí?" Mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo yẹ ìyàwó àti ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mọ́, ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyàwó ní in.

Ta ni kó máa tọ́jú obìnrin yìí? O mọ̀ pé kíndìnrín ni èmi kọ́. Látìgbà tí Ọ̀gá, dókítà ẹ̀dọ̀ wa, ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo ń jókòó sí kílíníìkì ẹ̀dọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń ṣe ìwọ̀n tí mo mọ̀. Tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀ lóru, kò sẹ́ni tó lè ki kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kó fi rọ́bà so iṣan tó bẹ́ náà. A ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, a ń gbàdúrà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó wà lábẹ́ náílọ́ọ̀nù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀jẹ̀ tí Ọ̀gá fi ọdún gbọọrọ kó pamọ́ sínú fìríìjì fún ìwádìí. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí dísù, gbogbo rẹ̀ yọ́.

Ṣé o rántí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi máńgòrò yẹn? Níbẹ̀ lo ti sọ fún mi nípa iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Gambia ní 1986, bí wọ́n ṣe ń fún àwọn ìkókó ní àjẹsára kòkòrò yìí tí wọ́n sì ń ṣọ́ wọn títí wọ́n fi dàgbà. Ọ̀dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, 2004 ni àjẹsára yẹn tó wọ inú ti àwọn ọmọdé. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn ló ń ya wọ ọ̀dọ̀ wa báyìí, pẹ̀lú ikùn ńlá. Nínú ìwádìí ti 2018, ó lé díẹ̀ ní ènìyàn 8 nínú 100 àgbàlagbà tó ní kòkòrò náà. Ní 2024, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fẹ ojú ọ̀nà ìtọ́jú, pé kí ọ̀pọ̀ ẹni tí a máa ń ní kó lọ dúró bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ta ló máa wò ó bóyá ó bá ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa mu? Ta ló máa wọn májèlé inú èébu ẹ̀pà àti àgbàdo nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ọjà wa, tí òun àti kòkòrò yẹn jọ ń da ẹ̀dọ̀ rú?

A ti polówó àga náà lẹ́ẹ̀mejì. Yunifásítì ló ń gba olùkọ́, ilé ìwòsàn á sì fi í ṣe dókítà àgbà. Iṣẹ́ ìtọ́jú, ìkọ́ni àti ìwádìí, ọ̀nà kan náà. Ẹni méjì ló kọ̀wé wá. Èkíní gba Saudi lọ kí a tó pè é, èkejì kò tíì parí ìdánwò rẹ̀. Ìpolówó kẹta máa parí ní ọjọ́ 30 oṣù tó ń bọ̀.

Fọlá, mo bẹ̀ ọ́, kọ̀wé wá. Mi ò ní purọ́ fún ọ lórí owó oṣù: kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí o ń gbà ní Birmingham, mo sì mọ̀ pé Tofúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé gíga. Tí kò bá ṣeé ṣe láti kó wálé, ṣé o lè wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún, kí o kọ́ àwọn ọmọ méjì tí mo ti rí pé ọwọ́ wọn yá, kó tó di pé àwọn náà jápa? Tí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, tètè sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Kí n má kàn máa fojú sọ́nà ni.

Ìyàwó bíríkìlà ń bọ̀ ní ọjọ́ 12. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé kílíníìkì ẹ̀dọ̀. Ojú ibi tí a máa ń kọ orúkọ dókítà sí, mo fi sílẹ̀ lófìfo.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́

Mo tún rántí: Màmá kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Má sọ fún wọn o, kí wọ́n má lọ máa tún yàrá rẹ ṣe.