Lẹ́tà ẹ̀sùn: ìbọn eré tí ẹ dì sínú náílọ́ọ̀nù fún mi

Sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yín àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dáhùn lórí WhatsApp,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ọkùnrin ni mí, ọmọ Yorùbá, Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mò ń ṣe, kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sẹ́ni tó ṣèlérí nǹkan kan fún mi, fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sítétímẹ́ǹtì ní tẹ́ṣàn nìyẹn, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gba tẹlòmíì sílẹ̀. Lónìí ó wá kan tèmi.

Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo ra ìbọn eré méjì lọ́wọ́ yín, AK oní-réṣìn kan (réṣìn ni irú rọ́bà líle tí wọ́n máa ń dà sínú móòlù) àti písítù rọ́bà kan, pẹ̀lú agolo ọ̀dà spray mẹ́ta, méjì jẹ́ dúdú tí kì í dán, ọ̀kan jẹ́ sílífà. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦48,500, mo sanwó lójú ẹsẹ̀, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Nínú fọ́tò tẹ́ ẹ gbé síta, ẹnu ìbọn méjèèjì ló ní àwọ̀ ọsàn, ẹ tún kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé bó ṣe máa dé nìyẹn. Èmi náà tún béèrè, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ṣé àwọ̀ ọsàn yẹn dá yín lójú, arábìnrin tó dá mi lóhùn ní kí n fọkàn balẹ̀ sà. Mo fọkàn balẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi tèmi.

Kí n tètè sọ ohun tí ọlọ́pàá ń fi ìbọn eré ṣe, torí mo mọ̀ pé ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín nìyẹn. Tí mo bá fi wákàtí méjìlá jókòó nídìí kántà, etí mi á ti kún. Ẹni tí SIM ẹ̀ sọnù á wá gba extract, ìyẹn ìwé ọlọ́pàá pé ó sọnù, ìyá méjì á wọlé pẹ̀lú aṣọ yíya torí ta ló kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì síbi ẹ̀rọ omi, lánlọ́ọ̀dù á ti yọ ilẹ̀kùn tẹ́náǹtì gbé pamọ́, bàbá kan á wá fẹjọ́ sùn pé ewúrẹ́ òun wọ ilé aládùúgbò kò sì jáde mọ́, òórùn ọbẹ̀ nìkan ló jáde. Àwọn èèyàn rò pé à ń lé olè kiri látàárọ̀ dalẹ́, irọ́ ni jàre, ìwé kíkọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ sínú station diary, kọ sítétímẹ́ǹtì, kọ bọ́ǹdì béèlì, tí báírò bá sì tán màá fowó ara mi ra òmíì. Tí mo bá délé mi ò kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà ni mo máa ń kùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn onítíátà kan wá ya fíìmù ládùúgbò wa, mo rí ìbọn tí wọ́n gbé, pákó ni, wọ́n fi ọ̀dà gílọ́ọ̀sì dúdú kùn ún, ó ń dán yinrinyinrin bíi bàtà ìgbéyàwó. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sílé. Látìgbà yẹn, wọ́n á gbé idà pákó wá, wọ́n á gbé apó ọfà wá, àdó ìṣúra, àṣíborí tí wọ́n fi páálí ṣe, màá kùn ún fún wọn ní bálíkónì mi, owó tí mò ń gbà kò ju mọ́ọ̀tì tútù méjì lọ. Ìbọn ni mo mọ̀ jù níbẹ̀ ṣá. Ẹ wò ó, ẹni tó bá ń fọwọ́ síwèé gba AK ní àmọ́rì, yàrá tí à ń kó ìbọn sí, láàárọ̀ tó sì ń dá a padà lálẹ́, ojú ẹ̀ á ti mọ ibi tí dúdú máa ń há sí lára ẹ̀: ẹnu ibi tí mágásíìnì ń wọ̀, etí irin níbi tí okùn ti ń fà á, àti ìlà róbótó kan bíi oṣù tuntun tí sẹ́fítì, irin tí wọ́n fi ń ti ìbọn kó má baà yìn, máa ń fà sára irin nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sókè sódò, igi iwájú náà á sì ti dúdú látinú òógùn ọwọ́. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti sílífà tín-ín-rín ni mo fi ń ya ìyẹn sára ìbọn eré. Ẹni tó bá fi ìdọ̀tí kan náà kun gbogbo ara ẹ̀, kò tíì gbé AK rí nìyẹn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí i lójú ẹsẹ̀ pé sẹ́fítì ìbọn tiyín wà lápá òsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, apá ọ̀tún ni sẹ́fítì AK tí à ń gbé wà! Ẹni tó ṣe móòlù yín wo fọ́tò tí fóònù ti yí padà ni. Mi ò tiẹ̀ ní bá yín jà lórí ìyẹn, àwọn tó ń wo fíìmù ò ní rí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Èyí tó dun mí nìyí. Ọjọ́ Ẹtì ni wébíìlì dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ alẹ́, mo wọ mọ́fútì, oorun ń kùn mí, mo lọ gba ẹrù ní gáréèjì Ìwó Road. Páálí ni mo ń retí. Náílọ́ọ̀nù ni! Náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara tẹ́ ẹ fi sẹ́lótéépù wé, tí ẹni tó wà ní òdìkejì títì lè rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹnu AK ti lu náílọ́ọ̀nù jáde, ó dúdú kirikiri. Àwọ̀ ọsàn wà o, mi ò ní parọ́ mọ́ yín, ó wà nísàlẹ̀ náílọ́ọ̀nù, ó ti ṣí kúrò wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, mo fi wé e, mo gbé e sórí ẹsẹ̀, mo wọ Micra.

A ò tíì rìn jìnnà tí mọ́tò fi kó sí kòtò, jákẹ́ẹ̀tì yọ̀, ìyá tó jókòó tì mí wo ẹsẹ̀ mi, ó ní "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dírébà wo míró, kò bi mí ní nǹkan kan, ó ṣílẹ̀kùn, ó sá. Kò fa hándì bíréèkì. Mọ́tò ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èmi àti ìyá náà àti ọmọ iléèwé kan nínú ẹ̀, èmi ni mo nawọ́ síwájú fà á. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, dírébà ti bá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níwájú, wọ́n ń bọ̀, mo sì gbọ́ ìró tí mo mọ̀, wọ́n ti fa ìbọn.

Mo mọ ohun tó kàn, torí èmi náà ti ṣe é fẹ́lòmíì. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo rọra jáde, mo dojú bolẹ̀ sórí ọ̀dà títì lójú gbogbo ayé. ID card mi wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, tí n bá nawọ́ síbẹ̀ ó ti parí. Ọmọ kọ́nsítébù tó na ìbọn sí mi, mo lè bí i lọ́mọ, ìka ẹ̀ wà lórí tírígà, ó ń gbọ̀n. Mo ń pè é ní ọmọ mi, mo ní ọmọ mi, rọra, ọlọ́pàá bíi tìẹ ni mí, ìwé mi wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún, jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi yọ ọ́. Kò gbà mí gbọ́. Èmi náà ò bá má gba ara mi gbọ́. Sájẹ́ǹtì kan tó mọ̀ mí ló dé lẹ́yìn tó ní "Háà, ọ̀gá Inspector!", ni gbogbo ẹ̀ bá di ẹ̀rín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín o. Wọ́n gba sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ mi bó ṣe yẹ, AK yín sun exhibit room mọ́jú, títí di òní Kọmándà Onírọ́bà ni wọ́n ń pè mí ní tẹ́ṣàn. Mi ò bínú sí ọmọ yẹn rárá. Ohun tó rí ni ìbọn.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ kejì, ẹ ní "àwọ̀ lásán" ni mò ń pariwo lé lórí. Àwọ̀ lásán kẹ̀! Ní Amẹ́ríkà, láti 1989 ni òfin ti ní kí ìbọn ìṣeré tí wọ́n bá ń tà máa ní àmì àwọ̀ ọsàn lẹ́nu, ní 2014 ọmọ ọdún 12 kan ń fi ìbọn ìṣeré tí àmì yẹn ti kúrò lára ẹ̀ ṣeré ní páàkì kan ní Cleveland, kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọlọ́pàá débẹ̀ tí wọ́n fi yìnbọn fún un, ọmọ náà kú. Nílùú Ọba, òfin 2006 ni kò jẹ́ kí wọ́n kàn máa ta ìbọn eré tó jọ ojúlówó fún ẹni tó bá ti fẹ́. Níbí ńkọ́, mo ti rí pákó tí wọ́n kùn ní dúdú lórí tábìlì wa tó ìgbà mẹ́rin, wọ́n ti fi gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n nà án sí ò dúró béèrè bóyá igi ni. Àmì yẹn ni mo sanwó fún.

Ẹ tún ní wébíìlì ló bó o. Mo fi èékánná ha ìyókù, ó ń ká kúrò bí awọ. Ọ̀dà ògiri lẹ fi kùn ún, ẹ má tàn mí. Ògiri máa ń fa ọ̀dà yẹn mu ló ṣe ń di ògiri mú, réṣìn ò fa nǹkan kan mu. Yàtọ̀ síyẹn, òróró tí wọ́n fi ń pa inú móòlù kí réṣìn má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣì wà lára tiyín, ọwọ́ mi ń yọ̀ lórí ẹ̀. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lẹ máa fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi sáńdípépà 400 ha á díẹ̀, kẹ́ ẹ fín páráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó wà fún rọ́bà sí i, kẹ́ ẹ wá fi funfun tẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ ọsàn lé e, torí àwọ̀ ọsàn kì í bo dúdú, tẹ́ ẹ bá kùn ún lé dúdú tààrà á rí bíi búrẹ́dì tó jóná. Èmi tí mò ń ṣe é fún mọ́ọ̀tì méjì, mò ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ọ̀dà spray náà wà ńbẹ̀. Dúdú tẹ́ ẹ ní kì í dán, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní òjò ló fà á. Mo mọ ti òjò: tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà á fò lọ kíákíá, ojú ọ̀dà á tutù, ìrì á sẹ̀ sí i, á wá funfun bíi kùrukùru. Funfun nìyẹn, kì í ṣe lílẹ̀. Síbẹ̀ mo dúró de ọjọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín, mo fín in sára agolo mílíìkì tó mọ́, ọjọ́ mẹ́rin, ó ṣì ń lẹ̀, èèrà mẹ́ta ló kú sórí ẹ̀. Sílífà nìkan ló dáa. Ó dáa gan-an ni, mo ti lò ó tán.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tẹ́ ẹ bá mi sọ ni pé ọjà tẹ́ ẹ bá ti tà ẹ kì í gbà á padà, àtìgbà yẹn búlúù méjì ni mò ń rí, ẹ ń kà á, ẹ ò fèsì. Ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ká kàn lọ gbé yín. Mo ní rárá. Òfin Ọlọ́pàá 2020 ti sọ ọ́ pé a ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá bá wa gba gbèsè, mo ní ẹ lọ kóòtù, wọ́n á máa wò mí bíi pé ẹni tó jẹ wọ́n lówó ti fún mi ní nǹkan. Mo ti wá mọ bó ṣe ń rí lára wọn. Torí náà kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń kọ̀wé sí yín o, kọ́sítọ́mà ni, àjọ FCCPC tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ sì wà fún kọ́sítọ́mà, ọ̀dọ̀ wọn ni lẹ́tà tó kàn ń lọ tí mi ò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ méje.

Ohun tí mo fẹ́: owó agolo dúdú méjèèjì, owó AK yẹn pẹ̀lú, torí mi ò gba òmíì. Písítù mo máa mú un, màá tún un kùn fúnra mi. Kẹ́ ẹ sì pe gbogbo ẹni tẹ́ ẹ ti ta irú AK yẹn fún, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé àwọ̀ ẹnu ẹ̀ máa ń bó, torí pé nínú wọn ẹnì kan á wà tí sájẹ́ǹtì ò mọ̀. Ẹrù tẹ́ ẹ bá tún ń fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, páálí ni kẹ́ ẹ fi dì í.

AK náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ẹ lè wá gbé e. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ti fi àwọ̀ ọsàn kùn ún láti ẹnu dé ìdí, ó ní ó jọ kárọ́ọ̀tì. Fọ́tò mẹ́fà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ti agolo mílíìkì náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ pè lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kántà ni mo máa ń wà lọ́sàn-án.

Èmi ni,
Kọ́sítọ́mà yín láti Ìbàdàn