Lẹ́tà ẹ̀sùn: yàrá ọmọ tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe kọ́ lẹ ṣe fún mi

Sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ yín àti gbogbo àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni oníbàárà yín tó ní kẹ́ ẹ bá òun ṣe yàrá ọmọ ní Bódìjà, ẹ mọ̀ mí dáadáa, torí àtọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé ẹrù yẹn dé ni mo ti ń pè yín tẹ́ ẹ̀ ń sọ fún mi pé ọ̀gá ò sí nílé. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi ò dùn rárá, mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú mi.

₦780,000 la jọ sọ. Mo san ₦550,000 sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù January, ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ 11 oṣù March lẹ tó gbé e dé, mo sì san èyí tó kù lójú ẹsẹ̀ torí pé wọ́n ti fi náílọ́ọ̀nù we gbogbo ẹ, àwọn tó gbé e wá ò sì jẹ́ kí n tú u wò, wọ́n ní ọkọ̀ ń dúró de àwọn. Mo ti gbé ti pípẹ́ yẹn jù sílẹ̀, ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù ló ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí mo bẹ̀ yín sí. Mo jókòó síwájú ọmọ yín tó ń yàwòrán, mo fi fọ́tò pálọ̀ bàbá àgbà mi hàn án, ilé tí wọ́n kọ́ láyé ìgbà tí Bódìjà ṣì jẹ́ tuntun, láàárín 1960 sí 1970. Àga onígi ló wà níbẹ̀, apá wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ ó sì yà síta díẹ̀, kúṣìn wọn ṣeé yọ fọ̀, rédíógíráàmù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bí ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Irú ọnà bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń pè ní mid-century modern báyìí, òun ni Charles Eames àti ìyàwó ẹ̀ Ray, tí wọ́n ń ya àwòrán àga, ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí Hans Wegner ń ṣe ní Denmark. Kò sì jìnnà sí wa, ẹni tó bá ti wọ láíbìrì Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), tí àwọn ayàwòrán ilé Maxwell Fry àti Jane Drew yà, ti rí i bí nǹkan ṣe ń rí tí wọn ò bá kó ọ̀ṣọ́ lé e lórí, tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ń wọlé fúnra wọn. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé nígbà kan, òṣìṣẹ́ Herman Miller, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga Eames, tó bá bímọ, àga Eames tó ń mì síwá sẹ́yìn ni wọ́n fi ń ta á lọ́rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa ṣe tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá bi mí, "Madam, ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Mo ní a ò mọ̀, a ò sì ní kí wọ́n sọ fún wa nígbà tá a ṣe sìkáànù. Ọmọ tó bá dé, tiẹ̀ ni yàrá náà, àbúrò ẹ náà á sì lò ó tí Ọlọ́run bá fún wa. Mo yan àwọ̀ mẹ́ta fún un: òféèfèé bí ìyeyè tó pọ́n, àwọ̀ ewé tó ti gbó, àti àwọ̀ osùn díẹ̀ lára kọ́tínì. Pákó náà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa jẹ́ pákó, pọ́líìṣì nìkan ni kí wọ́n fi kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún bi mí ní ìbéèrè yìí lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn bákan náà. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Àwa tá a jẹ́ pé "ó" la ń pe ọkùnrin, "ó" náà la ń pe obìnrin, tí Ayọ̀délé àti Ìdòwú ń bẹ lọ́tùn-ún lósì láìbéèrè ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Píǹkì lẹ gbé wá. Bẹ́ẹ̀dì píǹkì, kọ́bọ́ọ̀dù píǹkì, adé wúrà tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo pè, ẹnì kan ní kí n má bínú, pé wọ́n wo fọ́tò ikùn mi lórí WhatsApp, wọ́n rí i pé obìnrin ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ikùn mi lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni?

Àwọ̀ sì tún kéré, ó ṣeé tún kùn. Igi àpá la jọ sọ pé ẹ máa lò, ọjà pákó Bódìjà ò sì jìnnà sí yín. Nígbà tí mo fi èékánná họ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, MDF ni, ìyẹn ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀, etí ẹ ti ń wú níbi tí omi mọ́ọ̀pù kàn. Ẹsẹ̀ ẹ jẹ́ búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin. Tí mo bá fa dírọ́ọ̀ méjì òkè jáde pa pọ̀, gbogbo ẹ ló ń dojú bolẹ̀, kò sì sí irin kankan tá a lè fi dè é mọ́ ògiri. Ọmọ tó ń kọ́ ìdúró máa di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú o.

Bẹ́ẹ̀dì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo mú tépù, mo wọn àárín ọ̀pá kan sí ìkejì, ó jẹ́ 8.5 sẹ̀ntímítà. Mo mú agolo málítì tó wà nínú fíríìjì, mo tì í, ó kọjá sódì kejì láìfara kan nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ní lọ́dọ̀ àwọn kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 6 sẹ̀ntímítà lọ, kí ara ọmọ má bàa yọ́ gba ibẹ̀ kí orí ẹ wá há. Ẹ tún wá fi ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sókè sódò sí i, èyí tí mi ò béèrè, tí Amẹ́ríkà ti fòfin dè láti June 2011 torí ó ti pa àwọn ọmọ. Tiyín ti ń mì jẹgẹjẹgẹ kí ọmọ tó débẹ̀. Fóòmù ẹ náà kéré sí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi wọ àárín wọn tán.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá kó bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù yìí lọ, kẹ́ ẹ tún wọn ṣe pẹ̀lú àpá gidi bí àwòrán tá a jọ fọwọ́ sí ṣe wí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí àárín ọ̀pá má ju 6 sẹ̀ntímítà lọ, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró gbọin. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè ṣe é, ẹ dá owó àwọn méjèèjì padà, ₦610,000 ló wà nínú rìsíìtì, kí n tètè wá káfíńtà míì. Ẹ fi àga tó ń mì síwá sẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé wá pẹ̀lú wọn yẹn sílẹ̀ o, òun nìkan lẹ ṣe bó ṣe yẹ, ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́ gan-an, ẹ bá mi kí i, òun gan-an ni mo fẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Mo ti ti gbogbo ẹ sí kọ̀rọ̀, mo da ìbora bò ó kí n má bàa máa rí i. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe ọkọ mi, dókítà ti ní kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́.

Èmi oníbàárà yín,
Bódìjà, Ìbàdàn