Èrè àti Èrèdí: Lẹ́tà sí Àjọkẹ́

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kà á. Inú mi dùn pé àkísà tí àwọn aránṣọ ń kó dà nù ni o fẹ́ máa fi rán àpò ìwé. Inú mi tún dùn sí ìlérí tó o ṣe, pé bí o bá ti ta ẹyọ kan, wàá fi ẹyọ kan ta ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lówó lọ́rẹ. Ìlérí yẹn gan-an ló lé oorun lójú mi.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní, "Èmi ò wá èrè, ìrànlọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe." Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi, kódà nígbà tó o bá dá wà. Wo ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní èrèdí dáadáa, èrè ló ṣáájú nínú rẹ̀.

O kéré nígbà tí mo ní ilé ìránṣọ, o ò lè rántí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni mo ní, obìnrin mẹ́fà ló ń lò ó, kò sì sí èyí tó ní alátìlẹ́yìn nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni mo kọ́ wọn níṣẹ́. Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti mọ́ ẹ̀rọ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó oṣù fún un. Èmi fúnra mi kì í gba nǹkan kan, mo rò pé ohun tí ìfẹ́ túmọ̀ sí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan wá gbé aṣọ iṣẹ́ 400 fún wa. Mo yáwó ra aṣọ, a rán an, a kó o fún wọn lásìkò. Lórí ìwé, èrè gidi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, owó ò dé. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó san án, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ láti fi san owó oṣù.

Mi ò gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kẹfà. Òwú búlúù ṣì wà nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀, apá aṣọ kan tí wọn ò tíì rán tán sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Obìnrin tó ń lò ó fi eyín já òwú yẹn, ó yọ aṣọ, ó ká a ní méjì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, kò sì sọ nǹkan kan. Gbogbo àwọn tí mo ní mo fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló padà sílé láìníṣẹ́. Àánú ò wọ́n mi nígbà yẹn, Àjọkẹ́. Owó tó máa gbé àánú náà dúró ni mi ò ní.

Nítorí náà, gbé bírò. Jẹ́ ká sọ pé 100 lò ń ta àpò kan, tí gbogbo ohun tó wọ̀ ọ́ lára sì jẹ́ 60: aṣọ, síìpù, òwú, owó ẹni tó rán an, ọkọ̀ tó gbé e, àti ti àwọn tó bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wàá rò pé o jèrè 40. Ṣùgbọ́n àpò tó o fẹ́ fi tọrẹ náà á jẹ 60 tirẹ̀. 120 ti jáde, 100 ló wọlé. Bí ọjà bá wá ń yá sí i, ṣe ni wàá túbọ̀ máa wọ gbèsè. Ní báyìí, tó bá jẹ́ pé tó o bá ta márùn-ún lo máa fi ẹyọ kan tọrẹ ńkọ́? 500 wọlé, 300 lọ sórí àwọn tó o tà, 60 lọ sórí ti ọ̀fẹ́, 140 ló kù. Inú 140 yẹn ni owó ilé, owó iná, owó orí àti owó oṣù tìrẹ ti máa jáde, kó o sì tún fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí oníbàárà bá pẹ́ sanwó. Kò tíì pọ̀, àmọ́ ó ṣeé bẹ̀rẹ̀.

Má sì kọ òdo síwájú àkísà, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ọ. Ọjọ́ tí àwọn aránṣọ bá rí i pé ò ń fi í pawó, wọ́n á dá iye lé e. Láti òní lọ, ṣírò rẹ̀ bíi pé ṣe lò ń rà á.

Ilé iṣẹ́ bàtà kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ TOMS, Blake Mycoskie ló dá a sílẹ̀ ní 2006. Irú ìlérí tìrẹ yìí gan-an ni wọ́n ṣe: ẹyọ kan fún ẹni tó rà, ẹyọ kan fún ọmọ aláìní. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù bàtà ni wọ́n fi tọrẹ. Kì í ṣe bàtà ọ̀fẹ́ nìkan ló kó wọn sí wàhálà, àmọ́ gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, nígbà tó sì di ìparí 2019, àwọn tí wọ́n jẹ lówó ló gba ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n pa ẹyọ-fún-ẹyọ tì, wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta èrè làwọn á máa fi tọrẹ. Èmi ì bá fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí.

Ẹni tí mo fẹ́ kó o wò bí àwòkọ́ṣe ni Govindappa Venkataswamy, oníṣègùn ojú ará Íńdíà. Ọmọ ọdún 58 ni nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àrùn oríkèé ti ká a ní ìka kò. Ní 1976, ó ṣí ilé ìwòsàn Aravind ní Madurai, bẹ́ẹ̀dì 11 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tó máa ń bo ẹyinjú bí ìkùukùu ni wọ́n ń gbógun tì. Ẹni tó lówó ń san, ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní kì í sì san nǹkan kan. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n tún tò. Bí dókítà bá ti ṣiṣẹ́ tán lórí ẹnì kan, yóò yí sí bẹ́ẹ̀dì kejì, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti pèsè ẹni tó kàn sílẹ̀, kò ní jókòó dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú wọ́n jù, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ ní 1992, wọ́n sì ń ṣe é fúnra wọn. Ọgbọ́n yìí ni mo fẹ́ kó o jí. Dín 60 yẹn kù. Wá bí wọ́n á ṣe máa gé aṣọ ogún lẹ́ẹ̀kan náà dípò ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àpò ọ̀fẹ́ rẹ á sì pọ̀ sí i láìjẹ́ pé o bẹ ẹnikẹ́ni.

O béèrè nípa ẹni tó fẹ́ bá ọ dówó pọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní bà á lórúkọ jẹ́. Ṣáà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni owó, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ. Ní 2022, Yvon Chouinard àti ẹbí rẹ̀ fi Patagonia, ilé iṣẹ́ aṣọ wọn, sílẹ̀. Ìdá 98 nínú 100 ìpín ilé iṣẹ́ náà lọ fún àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, àmọ́ kò ní ìbò, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti dá sí ìpinnu. Ìdá 2 péré ló ní ìbò, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ èrèdí ilé iṣẹ́ náà. Ìdá 2 yẹn ló di ìdarí mú. Ẹni bá mú owó wá fún ọ, jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ ẹni tó lè fọwọ́ kan ìlérí àpò ọ̀fẹ́ àti ẹni tí kò lè fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tó ka owó náà fún ọ.

Wá kọ owó oṣù ara rẹ sínú ìwé. Kó má jẹ́ èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó jẹ́ iye kan pàtó. Ẹní bá máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.

Mo fi ìwé ìṣirò ilé ìránṣọ mi àtijọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ká etí ojú ewé oṣù kẹta sílẹ̀ fún ọ. Kà á, kó o wá ṣírò 60 tìrẹ gan-an, kó o kọ iye tó jẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Màá máa retí rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.