Èmi Ni Mo Fi Ọwọ́ Rẹ Sílẹ̀

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 19, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí kì í jẹ́ kí n rí oorun sùn bí ó bá ti rí ojú mi lórí fóònù. Ara mi le, ìfúnpá mi sì ti ń wálẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ìwé. Ọmọ rẹ ló sọ ohun kan fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí n kò rí gbé mì láti ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ èyí tí mo fẹ́ sọ, ẹkún kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ débi tó yẹ kí n sọ ọ́ dé.

Ó ní, "Màmá Ìbàdàn, àkókò bánga ti fẹ́ dé, a ó tún lọ sùn sí bálùwẹ̀." Mo bi í pé kí ló ń gbé yín sùn sí bálùwẹ̀. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Bélú lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ará Manchester bá ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run, ìwọ a tẹ́ aṣọ ìnura sí ilẹ̀ bálùwẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ kò ní fèrèsé, ẹ̀yin méjèèjì a sì wà níbẹ̀ títí ariwo yóò fi rọlẹ̀. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sí iwájú fóònù láti fi bí o ṣe máa ń dì í mú hàn mí. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ ni o ń dì mú, ọrùn ọwọ́ ni. Ó ní, "Mọ́mì máa ń dì í le gan-an."

Àjọkẹ́, mo mọ ibi tí o ti kọ́ bí a ṣe ń di ọmọ mú ní ọrùn ọwọ́. Lára mi ni o ti kọ́ ọ.

A kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2002 nínú ilé wa. Èmi ni mo fi òfin yẹn lélẹ̀ láìfi ẹnu sọ ọ́, gbogbo yín sì pa á mọ́. Lónìí, mo fẹ́ rú òfin náà, nítorí pé irọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí o ti fi orí rù fún ọdún 23.

Ọjọ́ Àìkú ni. Bàbá rẹ ti lọ sí Ìbàdàn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, tí bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Ní Ìsọlọ̀ tí a wà, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, gíláàsì fèrèsé sì já sórí maṣíìnì ìránṣọ mi. Àwọn kan ní àwọn sójà ló fẹ́ gbàjọba, àwọn kan ní òpin ayé ló dé. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ó ń sá lọ, síbẹ̀ gbogbo wa ń sá. Mo pọn àbúrò rẹ, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, mo sì sọ fún ọ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, o kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni ọ́.

Èrò gbá wa lọ sí ọ̀nà Òkè-Àfà. O mọ ohun tó wà níbẹ̀: kánáàlì tí ewé orí omi bò mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tí kò mọ àdúgbò náà yóò rò pé pápá koríko ni, pàápàá nínú òkùnkùn. Àwọn tó kú nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lé ní 1,000, kì í sì í ṣe bọ́ǹbù ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú omi yẹn ni wọ́n sá kó sí, obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. A kò tíì dé etí omi náà tí ọwọ́ wa fi já.

Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé èrò ló pín wa níyà. Ohun tí ìwọ gbà gbọ́ ni pé ìwọ lo fi mí sílẹ̀. Òótọ́ rẹ̀ nìyí. Ọ̀já àbúrò rẹ tú. Ó ń yọ̀ lọ lẹ́yìn mi, orí rẹ̀ ti ń dà kodò, mo sì mọ̀ pé bí ó bá já sí àárín ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá, a kò ní í rí i gbé. Ọwọ́ òsì mi nìkan kò lè gbé e padà. Mo ní kí n gba ọwọ́ ọ̀tún mi, ṣùgbọ́n o kò jẹ́ kí ó lọ. O ti fi ọwọ́ méjèèjì di apá mi mú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pàṣẹ fún ọ, èmi ìyá rẹ ni mo sì já ìka rẹ kúrò lára mi. Mo rò pé bí mo bá ti gbé ọmọ náà sókè tán, n óò tún nawọ́ mú ọ. Kò ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nígbà tí mo nawọ́, ọmọ ẹlòmíràn ni ọwọ́ mi bà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a tó rí ọ, ní àgbàlá ilé ìjọsìn kan tí wọ́n kó àwọn ọmọ tó sọnù sí. O jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ, o sì di ọmọdékùnrin kan tí a kò mọ̀ rí mú ní ọrùn ọwọ́. Dípò kí n gbá ọ mọ́ra, mo gbá ọ létí. Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ọwọ́ mi sílẹ̀?" O ní, "Ẹ má bínú, mà." N kò tíì rí ọjọ́ kan láti ìgbà náà tí n kò gbọ́ "Ẹ má bínú" yẹn. Ẹ̀bi tó kún inú mi ni mo dà lé ọmọ ọdún 9 lórí, ìwọ sì tẹ́wọ́ gbà á nítorí pé ìyá rẹ ló gbé e fún ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni o bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, mo sì nà ọ́. O ń ké lójú oorun, mo ní kí o má jí àbúrò rẹ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró, tí o kò ké mọ́, tí o kò tilẹ̀ sunkún mọ́, mo yìn ọ́ láàárín àwọn ará àdúgbò pé akin ọmọ ni ọ́. Ìyìn yẹn wà lára ohun tó dùn mí jù. Mo rí èso rẹ̀ nísinsìnyí: bí o ṣe ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó sùn, bí o ṣe ń bá ọkọ rẹ jà bí ó bá pẹ́ gbé fóònù, bí o ṣe san owó ilé ìwé àbúrò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí o kò sì jẹ́ kí ó fi kọ́bọ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́ rí. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ìwọ lo ṣètò gbogbo nǹkan láti orí pósí dé orí abọ́ ìjẹun, o sì padà sí Manchester láìsọ omijé kan sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní o ṣe bí ọkùnrin. Èmi mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ní kó má fi nǹkan kan sílẹ̀ ló ṣì ń di gbogbo wa mú.

Ní ọdún tó kọjá, dókítà tó ń wo ìfúnpá mi bi mí bí mo ṣe ń sùn. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì ní kí n lọ rí dókítà tó ń wo ọ̀rọ̀ ọkàn. Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, inú sì bí mi pé ó fẹ́ sọ mí di wèrè. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí bàbá rẹ, ọmọ Abẹ́òkúta, máa ń sọ nípa Thomas Adeoye Lambo, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú ẹbí tiwọn, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n máa se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ó mọ̀ pé ọkàn kì í sàn níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́. Mo lọ. Mo ti ń lọ fún oṣù 11 báyìí, àdúrà tí mo ń gbà kò sì dínkù nítorí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi yé mi níbẹ̀ ni pé ara a máa ní ìrántí tirẹ̀. Lọ́jọ́ ewu, ọkàn a máa sáré, ẹ̀jẹ̀ a sáré lọ sí ẹsẹ̀ kí a lè sá, ariwo, òórùn àti òkùnkùn ọjọ́ náà a sì dì pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rù náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ara kì í béèrè pé ọdún wo la wà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà, kì í ṣe òmùgọ̀ ló gbé ọ lọ sí bálùwẹ̀. Ara rẹ ló ń ṣọ́ ọ, bí ọdẹ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ní ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, o lè fúnra rẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú yìí lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ lọ rí dókítà àdúgbò. Ìjókòó 8 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún irú ọgbẹ́ ọkàn báyìí, ọ̀rọ̀ sísọ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: wọn yóò mú ọ padà sínú ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi di ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, tí kò ní jẹ́ ohun tó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Kò rọrùn. Lẹ́yìn ìjókòó mi kẹta, odidi ọjọ́ méjì ni n kò lè jẹun, mo sì fẹ́ má padà mọ́. Bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá ọ, padà lọ. Sọ fún ọkọ rẹ pẹ̀lú, kí ó má baà máa rò pé òun ni o kò fọkàn tán.

N kò ní kí o dárí jì mí kíákíá nítorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ. Bí inú bá bí ọ nígbà tí o bá ka èyí tán, jẹ́ kó bí ọ, kí o sì bínú sí mi, nítorí pé ara rẹ ni o ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí wá. O kò ṣẹ̀. O di mí mú pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún ọmọ ọdún 9.

Ní ti ọmọ rẹ, fún un ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí òun náà lè máa di ìwọ mú. Ní ọ̀nà ilé ìwé, bí ẹ bá ti rí géètì, jẹ́ kí ó sáré lọ ṣíwájú rẹ, kí o sì dúró wò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Bélú, kí alẹ́ bánga tó dé, jọ̀wọ́ pè mí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Jẹ́ kí ọkọ rẹ jókòó tì ọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí fèrèsé já, kí o sọ gbogbo ohun tí o rántí fún mi, títí kan ọjọ́ méjì tí n kò fi sí lọ́dọ̀ rẹ, tí n kò bi ọ́ léèrè rẹ̀ rí. Bí o bá dé ibi tí ọwọ́ wa ti já, dúró. Èmi ni n óò sọ ibẹ̀.

Ìyá rẹ.