Kí o tó sanwó àwòrán òdòdó yẹn

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Mo rí fọ́tò àwòrán òdòdó tí o fi ránṣẹ́. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ bóyá ojúlówó ni. Padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí o wò ó fínnífínní.

O ní wọ́n sọ pé inú Curtis's Botanical Magazine, ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún àwòrán òdòdó, ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọdún 1787 ni ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kun àwòrán inú rẹ̀ títí di 1948. Nítorí náà, kí olóko òwò má fi "ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún" gba owó igba ọdún lọ́wọ́ rẹ. Wo nọ́ńbà orí rẹ̀. Lára àwọn ti àtijọ́, wo orúkọ àti déètì tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú.

Mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú. Bí o bá rí àmì tóótòòtó pupa, búlúù, yẹ́lò àti dúdú tí wọ́n pagbo, ẹ̀rọ òde òní ló tẹ̀ ẹ́, dá a padà. Lára ojúlówó, ìlà nìkan ni wọ́n tẹ̀. Ọ̀dà olómi dúró lórí ìlà náà, ó máa ń dúdú díẹ̀ ní etí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì parí sí, nígbà mìíràn á tiẹ̀ kọjá etí ewé. Èmi a máa fẹ́ràn irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Àwo bàbà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ máa ń tẹ bébà wọnú yí ká àwòrán. Àìsí àpá yìí kò sọ ọ́ di ayédèrú o: ẹni tó di ìwé lè ti gé e dànù, àti pé láàárín àwọn ọdún 1840 wọ́n fi bàbà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó máa ń tan ènìyàn jù ni àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Bí ọ̀dà bá ti rin wọ inú ibi tí bébà ya, a jẹ́ pé lẹ́yìn tó ya ni wọ́n kùn ún. Yí i padà, wo ẹ̀yìn: ọ̀dà aláwọ̀ ewé àtijọ́ tí wọ́n fi bàbà ṣe máa ń jẹ bébà, á sì yọ ní pupa rúsúrúsú sẹ́yìn. Ti àná kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmì kéékèèké bí irin tó dógùn-ún kò burú bí kò bá bo òdòdó. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ fọ̀ ọ́, omi lè ṣí ọ̀dà. Sẹ́lótéèpù tún burú ju àmì náà lọ.

Fún férémù, káàdì tí kò ní ásíìdì ni kí wọ́n lò, kí bébà má kan gíláàsì rárá. Ibi méjì péré lókè ni kí wọ́n ti so ó, pẹ̀lú bébà Japan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti lẹ́ẹ̀ sítáàṣì àlìkámà tí omi lè tú. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ yí ká, á ká kò nígbà tí ọ̀rinrin bá dé. Má gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ń tàn sí.

Ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi kí o tó dúnàádúrà.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá