Má tíì fi kírímù pa á mọ́

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ fóìsì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀rín fẹ́ pa mí bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ìyàwó má baà gbọ́, àmọ́ nígbà tó yá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí nǹkan tó o ní ó yọ sí ẹ láàárín itan, tó o pè ní lápálápá, tó o fẹ́ máa fi kírímù pa yẹn, ó jọ ohun tó ṣe èmi náà lọ́dún tó kọjá: erythrasma, àrùn awọ kan tí bakitéríà máa ń fà.

Lápálápá máa ń létí tó yọ sókè, ó sì máa ń yún èèyàn burúkú. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o, ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ sí àárín itan níbi tí ara ti ń fara kanra, bí ẹni fi omi obì pa á, ó ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yíyún ẹ̀ ò tó nǹkan. Ni mo bá gba kẹ́mísì lọ, wọ́n fún mi ní kírímù tí wọ́n po stẹ́rọ́ìdì mọ́, mo pa á fún oṣù méjì, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, nǹkan náà tún yọ sí abíyá.

Ìgbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ, ó ní òun máa fi iná kan wò ó, Wood's lamp ni wọ́n ń pè é. Èmi tí ojú ń tì, mo ti fi kànìnkànìn ha gbogbo ara kí n tó kúrò nílé. Ó paná yàrá, ó tan tiẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Ó ní ṣé mo wẹ̀ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá lọ́la láìfi omi kan ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni, bó ṣe tan iná yẹn lọ́jọ́ kejì, itan mi ń tàn yòò bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn nínú òkùnkùn! Bakitéríà ló ń ṣe ohun tó ń tàn yẹn, omi sì máa ń fọ̀ ọ́ lọ. Bó ṣe mọ̀ pé erythrasma ni nìyẹn.

Clindamycin olómi, oògùn tó ń pa bakitéríà, ló ní kí n máa fi pa á, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lọ. Tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n lè fún èèyàn ní oníhóró bíi clarithromycin, àmọ́ ìwọ tó ń lo oògùn kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù, sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́ o, torí òmíì nínú oògùn kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù kì í bá clarithromycin rẹ́. Ó tún ní kí n lọ yẹ ṣúgà wò, pé àtọ̀gbẹ, ara sísanra àti òógùn ló ń fún un láyè. Àyà mi já! Ṣúgà ò ga ṣá, ikùn yìí nìkan ni wọ́n rí bá wí. Mo kó gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ náílọ́ọ̀nù dànù, kọ́tìnì ni mò ń wọ̀, mo sì máa ń nu àárín itan gbẹ dáadáa. Ìwọ tó ń jókòó sínú tírélà látàárọ̀ nínú ooru Texas, o ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Lọ gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà jàre, kó o má sì fọ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ṣàlàyé fún ìyàwó kó o tó jáde láìwẹ̀ o, mi ò sí níbẹ̀ tí mo máa là yín.

Èmi ni tìẹ.